Ọsàn Tí Èmi àti Ọmọ Bàbá Mi Lẹ̀ Nílé Ìwé

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ na ẹsẹ̀ sórí ẹní, kó nà án, nítorí èmi kì í kánjú sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ owú ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, owú tí mo jẹ nígbà tí mo wà nílé ìwé, nítorí igi ọsàn.

Agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà ni wọ́n bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sí. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa ló yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n tí mo pè é yẹn, ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi ṣáájú mi dáyé. Ọ̀sẹ̀ kan! Síbẹ̀, ìyá rẹ̀ kò yé sọ fún mi pé kí n máa pè é ní bọ̀dá. Bí wọ́n bá pín ẹran, òun ni yóò kọ́kọ́ mú. Bí bàbá wa bá ra bàtà wálé, òun ni yóò kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìyá mi á ní, "Fi sílẹ̀ fún un, ọmọ mi, tìrẹ ń bọ̀." Mo dúró títí, tèmi kò dé.

Awọ ni bàbá wa ń tà ní Ọjà'ba, ṣùgbọ́n oko ni ọkàn rẹ̀ wà. Nígbà tí a parí ìwé mẹ́fà, ó ní òun kò ní fi wá sílé ìwé kankan nígboro.

"Bí mo bá fi yín síbí, òkè Mápó ni ẹ ó máa gùn tí ẹ ó máa sọ̀ kálẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀."

Ó kó wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama àtijọ́ kan nítòsí oko wa, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú ọgbà rẹ̀. Lọ́jọ́ tó mú wa débẹ̀, ó dúró lẹ́nu géètì, ó ní, "Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni kí ẹ kọ́ dáadáa. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ̀ ọ́n jù nínú ẹ̀yin méjèèjì ni n ó fi oko lé lọ́wọ́. Mi ò ní gé e sí méjì o." Láti ọjọ́ náà ni oko yẹn ti wọ̀ mí lójú.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ẹgbẹ́ nílé ìwé wa. Àwọn aláríyànjiyàn á lọ sábẹ́ igi máńgòrò, àwọn eléré orí ìtàgé á wọ gbọ̀ngàn lọ, àwa ẹgbẹ́ àgbẹ̀ á gba ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́ lọ síbi tí ọgbà wa wà. Àwọn aláríyànjiyàn, tí ẹnu wọn kò ní ìdádúró, ló sọ wá ní Ẹgbẹ́ Ìgbẹ́ Adìẹ, nítorí ajílẹ̀ adìẹ tí a máa ń gbé kọjá níwájú wọn.

Tíṣà tó ń kọ́ wa níṣẹ́ àgbẹ̀ jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í ṣí fìlà, ì báà jẹ́ nínú òjò. Òun ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń lẹ ọsàn. Ẹ ó gbin ọsàn kíkan, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ lágbára, àìsàn kì í tètè mú un. Bó bá ti nípọn tó ìka, ẹ ó fi ọ̀bẹ la èèpo rẹ̀, ẹ ó yọ ojú kan, ibi tí ewé tuntun ti ń hù, lára ẹ̀ka ọsàn dídùn, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ bọ abẹ́ èèpo náà, ẹ ó fi ọ̀rá wé e. Bí ojú náà bá hù, ẹ ó gé orí igi kíkan kúrò kí dídùn lè di igi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. Igi kíkan á fẹ́ rúwé nísàlẹ̀, àfi kí ẹ máa já ọ̀mùnú rẹ̀ dànù. Bí ẹ bá gbàgbé, kíkan á fún dídùn pa.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì lẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ tí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Gbogbo ojú tó lẹ̀ ló hù. Ìlàjì tèmi gbẹ. Tíṣà á pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ, á ní, "Ẹ wá wo ọwọ́ ọmọ yìí. Ẹ wo bó ṣe mú ọ̀bẹ." Èmi náà á dúró láàárín wọn, n ó máa wò ó. Ní àárọ̀, kí n tó wo ìlà igi tèmi, ìlà tirẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ lọ wò, bóyá ọ̀kan ti kú. Kì í kú.

Ìsinmi òjò dé. Wọ́n ti gbé tíṣà wa lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Agódi. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ tí kò lọ sílé ni yóò máa dúró ti ọgbà, kálukú pẹ̀lú ìlà tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sì ń lọ sílé fún wòlímọ̀ rẹ̀, ó ti ka Kùránì tán. Èmi kò tíì kà á dé ìlàjì, ta ni yóò pè mí wá sílé?

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó ní, "Bá mi máa já ọ̀mùnú ìsàlẹ̀ o. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó."

"Mo ti gbọ́."

"Má fi ṣeré o. Ṣe é bí ẹni pé tìrẹ ni."

"Mo ní mo ti gbọ́! Àbí o ti di lèmọ́mù lé mi lórí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé àpótí rẹ̀ lérí, ó lọ.

Ojoojúmọ́ ni mo ń tọ́jú ìlà tèmi. Bí mo bá dé ìlà tirẹ̀, n ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo rí i tí ọ̀mùnú kíkan ń yọ nísàlẹ̀, mo rí i tí ojú dídùn ń pọ́n, tó ń rọ. Mo máa ń rántí pé lásìkò yẹn, wọ́n ti wé láwàní fún un ní Bẹyẹrúnkà, bàbá wa ń yọ̀ lórí rẹ̀, n ó sì tún kọjá. Nígbà tó kù dẹ̀dẹ̀ kó dé, mo gé àwọn ojú tó ti gbẹ kúrò, mo fi ẹrẹ̀ pa ojú ọgbẹ́ wọn rẹ́.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé kíkan yára dàgbà ju dídùn lọ. Nígbà tó padà dé, ìlà rẹ̀ ti ga ju tèmi lọ, ewé rẹ̀ ń dán. Ó dúró níwájú wọn, ó já ewé kan, ó rún un, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wò mí. Ó ju ewé náà nù, ó wọlé lọ.

Ọjọ́ àbẹ̀wò àwọn òbí, bàbá wa wá. Àgùnbánirọ̀ kan ni wọ́n fi rọ́pò tíṣà wa, ẹ̀kọ́ ìtàn ló kà ní yunifásítì, igi tó bá ṣáà ti ga dára lójú rẹ̀. Bàbá wa mọ kòkó, ó mọ obì, ọsàn àlẹ̀mọ́ ló ṣàjèjì sí i. Ó wo ìlà kìíní, ó wo ìkejì.

"Ta ló ni èyí tó ga yìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Háà! Máṣáà Allah! Èyí ló ń lọ sóko. Ìwọ lo sì máa gba oko." Ó kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ebi ń pa tìẹ ni?"

Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé inú ìlà kúkúrú tèmi ni ọsàn dídùn wà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí wọn kò ní bi mí bí mo ṣe mọ̀? Wọ́n fi ọkọ̀ kó tirẹ̀ lọ sóko. Tèmi kù sílé ìwé.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Bẹẹrẹ, ẹ̀gbọ́n mi wọlé bá mi pẹ̀lú ọsàn kan lọ́wọ́. Ó fi sísọ́ọ̀sì mi là á sí méjì.

"Tọ́ ọ wò."

Mo tọ́ ọ wò. Ó kan débi pé ojú mi pa dé fúnra rẹ̀.

"O ò já ọ̀mùnú yẹn," ló wí.

"Mi ò já a."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ tí mo rún ewé ni mo ti mọ̀."

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí wọ́n kó o lọ sóko?"

"Bàbá ń yìn mí lójú gbogbo èèyàn. Ṣé o rò pé ìwọ nìkan lo fẹ́ oko ni?" Ó nu sísọ́ọ̀sì náà, ó dá a padà fún mi. "Ṣáà má sọ fún Bàbá. Bí àwọn ìyá wa bá gbọ́, agboolé ò ní gbà wá."

Èmi kò sọ, òun náà kò sọ. Nígbà tí bàbá wa tọ́ ọsàn náà wò, ìwé ló dá lẹ́bi, ó ní òyìnbó ò mọ oko. Kò gba oko padà, ó ti fi lé e lọ́wọ́ lójú àwọn àgbà agboolé. Ó dùn mí pé òun náà purọ́ bí èmi, síbẹ̀ irọ́ tirẹ̀ fún un ní oko.

Bàbá wa kú, àwọn àáfà pín ìyókù. Ẹ̀gbọ́n mi ní oko àti ilé abúlé. Ó gé àwọn ọsàn kíkan náà kúrú, ó tún ojú dídùn lẹ̀ mọ́ wọn, kò sì sí èyí tó kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bójú tó o báyìí. Ṣọ́ọ̀bù awọ ní Ọjà'ba di ti àbúrò wa kan. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ti tú ká nílé ìwé wa, àwọn ọmọ ibẹ̀ ló ń ká ọsàn tèmi jẹ, wọn kò mọ ẹni tó lẹ̀ ẹ́. Yàrá iwájú ní Bẹyẹrúnkà ló kàn mí, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Bí ọkọ̀ ọsàn bá ń ti oko ẹ̀gbọ́n mi bọ̀ wá sọ́jà, abẹ́ fèrèsé yẹn ló máa ń gbà kọjá.