Orúkọ àwọn ọmọ Lougba ti lọ

Lónìí, mo pa orúkọ ogójì ọmọ rẹ́, kọ̀ǹpútà ò sì bá mi wí.

Ètò kan náà, tó ń kọ orúkọ ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ni mo fi C, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ fún ilé ìwòsàn ìlú Savalou àti ti ìlú Bantè. Ní Bantè tí kò níná, wọ́n máa ń pa jẹnẹrétọ̀ kí àwọn ìyá lè gbọ́rọ̀, kọ̀ǹpútà á sì kú. Nítorí náà ni mo ṣe fi ìlà tó ń tọ́jú orúkọ lójú ẹsẹ̀ sábẹ́ #ifdef BANTE: àfi tí mo bá dárúkọ BANTE fún kọ̀ǹpútà kí ìlà náà tó wọlé sínú ètò. Mo gbàgbé láti dárúkọ rẹ̀.

Ìyá agbẹ̀bí Bantè pè mí lórí fóònù.

"Ọmọ mi, mo pa jẹnẹrétọ̀ láti bá àwọn ìyá tó wá láti abúlé Lougba sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo tàn án padà, kò sí orúkọ kankan."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé àwọn ìyá náà ṣì wà níbẹ̀?"

"Wọ́n ti lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ọmọ tó gba abẹ́rẹ́?"



Mo ti yí ètò náà padà. Ní báyìí, ìlà náà máa ń wọlé fúnra rẹ̀; Savalou tó níná ni kó máa dárúkọ ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ C, ìlú ta lẹ máa ń kọ́kọ́ rò?