Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Fò Nínú Lẹ́tà Kútọnu

Lánàá, ọmọ ọmọ mi obìnrin jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka iṣẹ́ Faransé tí olùkọ́ rẹ̀ fún un sókè ketekete. Ó kà á, ó ṣì í, ó tún un kà, ó tún ṣì í. Nígbà tó yá, ó pòṣé, ó sì fi ìwé náà gbá itan ara rẹ̀. Oúnjẹ wà níwájú mi, ṣùgbọ́n òṣé yẹn kò jẹ́ kí n lè jẹ ẹ́ mọ́, nítorí èmi náà ti pa irú rẹ̀ rí, mo sì mọ ibi tó gbé mi dé.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, nígbà tí òyìnbó ń ṣèjọba ni mò ń wí. Abúlé wa wà ní ìhà Ẹtíkàn, níbi tí omi ọ̀sà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkun. Lórí òpó igi ni ilé wa dúró, omi ń lọ lábẹ́ rẹ̀, afárá pákó ni a sì ń gbà lọ kí aládùúgbò. Èéfín ẹja tí ìyá mi ń yan kì í kúrò lára aṣọ wa, débi pé olùkọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ìjọ máa ń sọ pé òun lè fi imú pe orúkọ wa láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Ìbírónkẹ́. Apẹja ló fẹ́, ọkọ rẹ̀ sì bá àwọn ará wa tí ń lé ẹja kiri etíkun lọ sí Kútọnu, ó mú un dání. Akọ̀wé kan ṣoṣo tó rí bẹ̀ lọ́wẹ̀ níbẹ̀, Faransé nìkan ló lè kọ. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kọ sí wa yí gbogbo abúlé ká, kò sẹ́ni tó lè kà á. Ọmọ rẹ̀ ti ń rákò kí a tó mọ̀ pé ó ti bímọ. Bàbá mi bínú, ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Èyí tó ń jókòó ti ìwé yìí ni yóò kọ́ èdè náà."

Ọ̀dọ̀ Bàbá Alájàṣẹ́ ni wọ́n mú mi lọ. Mùsùlùmí ni, ó ń ta ìwọ̀ àti òwú àwọ̀n, Àjàṣẹ́ tó wà nítòsí Kútọnu ni wọ́n bí i sí, ó sì ti lọ sílé ẹ̀kọ́ Faransé nígbà èwe rẹ̀. Tó bá kírun Alásárì tán nírọ̀lẹ́, yóò tẹ́ ẹní fún mi, yóò mú ìwé kan jáde tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti re ibi tí aṣọ àná rè.

Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ dùn, orúkọ nǹkan la kọ́. Ìgbà tí a dé ìpele kejì ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ ló jẹ́ yálà akọ tàbí abo. Òkun, abo ni. Ọkọ̀ ńlá tí òyìnbó ń wọ̀, akọ ni. Ọkọ̀ kékeré tí àwa ń wà, abo ni. Mo bi Bàbá Alájàṣẹ́ pé ta ló yẹ abẹ́ wọn wò, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe náà gbọ́dọ̀ pààrọ̀ aṣọ kó lè bá ọ̀rọ̀ orúkọ mu. Ti ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: èèyàn yóò mú ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó jẹ́ abo, yóò so "ment" mọ́ ọn nídìí bí ìrù. Mo so ó mọ́ "bon", tó jẹ́ "dára", ó ní rárá, ọ̀tọ̀ ni tìyẹn. Mo so ó mọ́ "vite", tó jẹ́ "kíákíá", ó ní ìyẹn kò fẹ́ ìrù. Kí wá ni ìwúlò òfin tí gbogbo ọ̀rọ̀ ń rú?

Lọ́jọ́ kan ó sọ pé ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan máa ń ṣíwájú ọ̀rọ̀ orúkọ, òmíràn a tẹ̀lé e lẹ́yìn, àwọn kan sì wà tí ìtumọ̀ wọn ń yí tí wọ́n bá ti ṣípò. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Bàbá, ní èdè tiwa, gbogbo ọ̀rọ̀ ló mọ àyè rẹ̀."

Ó ní, "Ṣé ẹ kì í sọ pé arẹwà obìnrin? Ṣé ẹ kì í sọ pé àgbà ọkùnrin?"

Òótọ́ ló sọ, òótọ́ náà ló sì mú inú bí mi jù. Mo pòṣé, mo ju ìwé náà sórí pákó, díẹ̀ ló kù kó jábọ́ sómi, mo sì dìde. Ó rọra mú un, ó fi agbádá nù ún. "Ọmọ mi, ó ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ fi hàn ọ́ lónìí." N kò dúró. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó rìnrìn àjò lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Àjàṣẹ́.

Kò tíì dé tí lẹ́tà Ìbírónkẹ́ mìíràn fi wọlé. Ẹnì kan tó ń ti Èkó bọ̀ ló mú un wá, ọwọ́ ẹlòmíràn ni òun náà sì ti gbà á. Bàbá mi jókòó, ìyá mi fi iná sílẹ̀, àwọn aládùúgbò rọ́ wá. Mo ṣí i. "Mon pauvre mari a péri en mer. Venez me chercher." Mo mọ "mari", ọkọ ni. Mo mọ "pauvre", tálákà ni. Mo mọ "en mer", lórí òkun ni. N kò mọ "péri". Ojú gbogbo ènìyàn wà lára mi, ojú tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Mo fò ó.

Mo ní, "Ọkọ mi tálákà wà lórí òkun. Ẹ wá mú mi."

Bàbá mi fò sókè. "Tálákà! Ọkùnrin ń bẹ lórí òkun, ó ń wá ohun tí wọn yóò jẹ, òun ní ká wá mú òun? Ta ní ń torí òṣì kọ ọkọ?"

Ìyá mi wò mí. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, Ìyá."

Wọ́n di ẹja yíyan, wọ́n di ẹdẹ àti pùpùrù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, wọ́n fi ránṣẹ́ sí i pé kó ní sùúrù.

Òjò ti ń dáwọ́ dúró nígbà tí Ìbírónkẹ́ fi ọkọ̀ dé. Ó ti fá irun rẹ̀, aṣọ dúdú ló wọ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti rù kan eegun. Ìyá mi figbe ta kó tó gun àkàsọ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Ó kàn ní, "Òkun gbé ọkọ mi, mo kọ̀wé sí yín, ẹ̀yin wá fi ẹja ránṣẹ́ sí mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹ ẹja?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú ni mo jẹ́wọ́ fún ìyá mi. Kò lù mí. Láti ọjọ́ náà, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ń wẹ ọmọ Ìbírónkẹ́ láràárọ̀, iṣẹ́ tí kò ṣe rí fún èyíkéyìí nínú wa.

Nígbà tí Bàbá Alájàṣẹ́ dé, mo gbé lẹ́tà náà tọ̀ ọ́ lọ. Ó kà á, ó bọ́ fìlà rẹ̀. "Kú ni ìtumọ̀ péri," ló wí. "Pauvre náà, tó bá kẹ́yìn ọ̀rọ̀ orúkọ, tálákà ni. Tó bá ṣíwájú, ẹni àánú ni, wọ́n sì máa ń fi pe olóògbé. Òun ni mo fẹ́ fi hàn ọ́ lọ́jọ́ náà."

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé n kò ní fojú kan Faransé mọ́ láé. Ó ń fún ọmọ lọ́mú, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Tí o bá fi í sílẹ̀ báyìí, ta ni yóò ka tẹlòmíràn? Padà lọ." Mo padà. Kò rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì sunkún lórí ẹní náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n n kò ju ìwé mọ́.

Òkun ti gbé abúlé náà báyìí. Ibi tí a ti ń jókòó kàwé, ẹja ló ń sùn níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, ọmọ tó pọ̀n wá ìjọ́sí ti di bàbá arúgbó, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ akọ̀wé lọ́wẹ̀ mọ́ kó tó ránṣẹ́ sílé. Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé ìwé wá bá mi pé kí n túmọ̀ rẹ̀ fáwọn. Bí mo bá dé ibi tó ṣókùnkùn sí mi, mo máa ń dúró, mo sì máa ń sọ pé, "N kò mọ èyí." Yorùbá lásán ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè sọ ọ́. Nínú gbogbo èdè tí mo kọ́ láyé mi, gbólóhùn kúkúrú yẹn ló ná mi ní ohun tó pọ̀ jù.