Pèrègún Mẹ́sàn-án Tí Mo Fà Tu

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Bàbá Àjàyí dé láti Ìkàrẹ́, tó dúró lẹ́nu fẹ́ǹsì tuntun tí mo mọ, mo ti ń retí kó yìn mí. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà ó ń fi ọ̀pá tẹ kọnkéré náà díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá Ṣẹ́gun, àwọn pèrègún dà?"

"A ti fà wọ́n tu, sà. Ibẹ̀ ti mọ́ báyìí."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

Bàbá rọra jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, "O ti kó ìyàwó mi dànù nìyẹn." Kò pariwo rárá.

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo fi jẹun ní Ọ̀kà fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Mo kọ́ ilé, mo gbẹ́ kànga, ṣùgbọ́n sàréè ni wọ́n fi mọ̀ mí jù. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé bí ilé bá sán, onílé lè kó jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú sàréè kò ríbi kó lọ. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó tún máa ń sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi ló máa ń wò bó bá ti ń sọ ọ́, torí èmi ni mo yára jù nínú àwa ọmọ iṣẹ́, mo sì ń fi ìyára yẹn ṣe fáàrí.

Bàbá Àjàyí kì í ṣe ọmọ Ọ̀kà. Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti bí i. Òun ló kọ́kọ́ wá dá oko kòkó sí ẹsẹ̀ òkè tó wà lẹ́yìn ìlú wa, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó kìjikìji. Abẹ́ àpáta ni òun àti Wúràọlá, ìyàwó rẹ̀, ń sùn kí wọ́n tó kọ́ ahéré. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá kú sóko, ilé ni wọ́n ń gbé e lọ. A kì í sin ín sóko bí ẹni tí kò lẹ́bí. Ṣùgbọ́n ìgbà òjò ni ibà pa Wúràọlá. Odò ti kún, kò sẹ́ni tó lè gbé òkú kọjá. Bàbá dá nìkan gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá àpáta náà, ó sin ín, ó sì gbin pèrègún síbi orí rẹ̀. Bọ̀dé, àkọ́bí wọn, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, Fúnkẹ́, àbúrò rẹ̀, sì wà lọ́mọ ọwọ́.

Nígbà tí òjò dá, àwọn ẹbí wá láti Ìkàrẹ́, wọ́n ní kí àwọn hú u lọ sílé. Bàbá kọ̀. Ó ní ibi tí Wúrà bá wà ni ilé òun. Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ kú sọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, títí wọ́n fi di mẹ́sàn-án. Pèrègún kọ̀ọ̀kan ló gbin fún wọn. Kò kọ orúkọ kankan síbẹ̀. Òun nìkan ló mọ ẹni tó ni èwo. Ẹ̀gbẹ́ Wúràọlá ló fi àyè tirẹ̀ sí.

Bọ̀dé, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ló pè mí lórí fóònù. Bàbá ti lọ sí Ìkàrẹ́ nígbà náà, lọ́dọ̀ Fúnkẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń tọ́jú ojú rẹ̀. Bọ̀dé ní kí n tún ilẹ̀ ẹ̀bá àpáta náà ṣe, ó sì fi àwòrán kan ránṣẹ́: ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, tí fẹ́ǹsì yí ká.

"Bàbá Ṣẹ́gun, ẹ jẹ́ kó rí báyìí gẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kí Bàbá bá a bẹ́ẹ̀."

Mo rí àwọn pèrègún náà. Ta ni kò mọ̀ ní Àkókó pé a kì í déédéé gbin pèrègún? Mo ní ààlà lásán ni, kì í ṣe sàréè. Ó yẹ kí n pe Bàbá, kí n bi í. N kò pè é, torí ọjọ́ mẹ́rin péré ni mo dá fún iṣẹ́ náà. A gé ilẹ̀ apá òkè, a fi kún ti ìsàlẹ̀, a da kọnkéré lé e.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Dìde, ọma mi. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ ò lè mú un hù. Bá mi wá a."

Mo fi òòlù fọ́ kọnkéré náà. Ilẹ̀ tí a bá ti gbẹ́ rí kì í fara pamọ́ fún wa: yẹ̀pẹ̀ dúdú òkè àti pupa ìsàlẹ̀ á ti dàpọ̀, á sì rọ̀. Gbòǹgbò pèrègún náà á ṣì wà níbẹ̀. Mo rí márùn-ún, tín-ín-rín ni gbogbo wọn. Ti Wúràọlá ló dàgbà jù, ó tó itan ènìyàn, ṣùgbọ́n a ti gé ilẹ̀ apá ibẹ̀ lọ. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń jókòó tì mí lórí àga, tó ń béèrè, "Ṣé o ti rí i?" Mo sunkún lẹ́yìn àpáta lọ́jọ́ kan bí ọmọdé.

Àìsàn dé sí Bàbá, kò lè jáde mọ́. Mo lọ kí i. Fúnkẹ́ sọ fún un pé, "Bàbá, Bàbá Ṣẹ́gun ti dé."

"Ṣé o ti rí Wúrà?"

Mo ní, "Mo ti rí wọn, Bàbá."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Gbẹ́ tèmi sápá ọ̀tún rẹ̀. Apá ibẹ̀ ni mo máa ń sùn."

Ọ̀sẹ̀ náà ló kú. Mo gbẹ́ sàréè rẹ̀ lẹ́bàá àpáta. Mo fi ṣọ́bìrì gún ògiri apá òsì, bóyá Ọlọ́run á ṣàánú mi. Ilẹ̀ líle ni, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ rí. Bọ̀dé dì mọ́ mi lójú gbogbo ẹbí. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ bá wa rí Màámi."

Ó ní kí n kọ orúkọ ìyá òun sára òkúta kan, kí n gbé e sápá òsì Bàbá. Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn nìyẹn kí n tó kó irinṣẹ́ mi sílẹ̀. Mo ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sì tẹ́ ẹ dáadáa, kò wọ́ níbì kankan. Fúnkẹ́ máa ń wá láti Ìkàrẹ́ wá gbá ibẹ̀, á kúnlẹ̀, á bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ òkúta náà.