Ẹ̀rọ Adékọ̀yà Tó Ń Tú Àṣírí Epo

Gbogbo àdúgbò Mile 3 ló mọ ọjọ́ tí olóògbé Ẹnjiníà Adékọ̀yà dá ìlà epo dúró. Bẹntiróòlù wọ́n bí ojú lọ́jọ́ náà. Ìlà gùn débi pé aláboyún tó bá tò síbẹ̀ lè ṣe ìkómọ níbẹ̀. Adékọ̀yà gbé pátákó ẹ̀rọ tó fi ń yẹ epo wò lé orí ọkọ̀ rẹ̀. Òrùka bàbà wẹ́wẹ́ ló tò sójú rẹ̀, ní ètò tí èèyàn kì í rí nínú ohun àdáyébá kankan. Ó bu epo sínú ìgò tín-ín-rín, ó gbé e lé pátákó, ó sì rán ìgbì bíi ti ààrò máíkírówéèfù gba inú rẹ̀. Bí epo bá mọ́, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ á dúró sójú kan. Bí wọ́n bá ti fi kẹrosíìnì lú u, nọ́ńbà á sá. Lọ́jọ́ yẹn, nọ́ńbà sá bí ẹni rí ejò.

Ó kéde rẹ̀ fún gbogbo ìlà, ó ń retí ìdúpẹ́. Dírẹ́bà kan ní, "Baba, abeg comot for road, make we buy the kerosene before e finish." Ẹni tó kọ́kọ́ na kẹ́ẹ̀gì ni Falilat, ìyàwó Adékọ̀yà fúnra rẹ̀.

Kí ni kó ṣe? Ẹja dídì ló ń tà, yìnyín sì ń yọ́. Epo burúkú ti ba jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ jẹ́ léraléra. Ẹkún rẹ̀ ló mú ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ náà.

Èyí tó kọ́kọ́ ṣe, iná mànàmáná ló ń lò. Wọ́n mú iná lọ, ó ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ kóun lè yẹ epo jẹnẹrétọ̀ wò. Falilat béèrè epo tí wọ́n máa fi tàn án.

"Ìyá Ìyanu," ni Adékọ̀yà dá a lóhùn, "ìbéèrè sáyẹ́ǹsì gidi nìyẹn." Ó lọ sùn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń wá kiri: ilé epo kan tó máa gba ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù. Dagogo, máníjà ilé epo Mile 3, ní ẹnu ẹ̀rọ náà ti pọ̀ jù. Bó bá rí ọkọ̀ Adékọ̀yà lókèèrè, epo ti tán nìyẹn.

Nígbà tí Adékọ̀yà kú, Dagogo gbé kẹ́ẹ̀gì epo wá sí ilé wọn ní Woji fún jẹnẹrétọ̀ ìsìnkú. Falilat dúpẹ́, ó fẹ́ dà á sínú jẹnẹrétọ̀. Dagogo di kẹ́ẹ̀gì mú.

"Madam, no. Bring Oga machine first."

Wọ́n gbé e jáde. Falilat bu epo sínú ìgò, ó gbé e lé pátákó. Dagogo ń làágùn bí ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò. Nọ́ńbà ò mira.

"Ó mọ́," ni Falilat wí.

Dagogo mí kanlẹ̀, ó wo ọ̀nà yàrá tí wọ́n tẹ́ òkú sí. "Abeg, tell am for me."

Falilat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nu ojú, ó sì wọlé lọ sọ fún ọkọ rẹ̀.