Bí A Ṣe Fọwọ́ Ara Wa Ta Ilé Àpòmù

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn gbèsè. Akọ̀wé ni wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n sì fi ń gbé yàrá àyágbé ní Ìkirè, ilé tiwọn ni wọ́n ń rò. Nígbà tí báńkì kan ní Ìbàdàn gbà láti yá wọn lówó, wọ́n kọ́lé sí Àpòmù, wọ́n sì fi ilé náà dógò fún owó náà. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn. Nígbà tó pẹ́, kò sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀ nínú wa mọ́.

Ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá mi ni nǹkan dàrú. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ò lè mú bírò mọ́. Wọ́n fẹ̀yìn tì ṣáájú àkókò, owó ìfẹ̀yìntì ò sì jáde. Aṣọ tí màmá mi ń tà lọ́jà Ìkirè ló ń bọ́ wọn, òun náà ló ń ra oògùn. Ti báńkì wá dúró.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn, ká ṣàlàyé," ni màmá mi máa ń wí. "Wọ́n á ṣáà rí i pé ara yín ò yá."

"Kí n wá lọ máa bẹ ọmọ kékeré nínú ọ́fíìsì?" Bàbá mi á yíjú sí ògiri. "Tí owó mi bá jáde, màá san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

Báńkì pè títí, bàbá mi ò gbé fóònù. Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn, wọ́n ya fọ́tò ilé yípo, wọ́n ní báńkì máa gbẹ́sẹ̀ lé e, wọn á sì tà á ní gbàǹjo. Ọjọ́ yẹn ni màmá mi tó pè mí ní Òṣogbo tí mò ń gbé.

Èmi àti bàbá mi la jọ lọ sí báńkì náà. Obìnrin tó dá wa lóhùn fa àga fún wọn, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn dópin.

"Ká ní ẹ wá nígbà tí àìsàn yẹn bẹ̀rẹ̀ ni, bàbá," ó ní, "à bá ti dá owó sísan dúró fún oṣù díẹ̀. À bá sì fi kún ọdún tí ẹ ó fi san án, kí ti oṣooṣù lè fúyẹ́. Ó ti dé ọ̀dọ̀ lọ́yà báyìí. Ohun tí mo lè bá yín bẹ̀bẹ̀ fún ò ju pé kí wọ́n fún yín láyè, kí ẹ wá ẹni tó máa rà á fúnra yín. Owó ẹ̀ á ju ti gbàǹjo lọ. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tiwa, tiyín ni."

Bàbá mi ń fọwọ́ òsì ra ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí ọkọ̀ wa kọjá Àsejirè, wọ́n yíjú sí mi.

"Obìnrin yẹn ò tiẹ̀ pariwo mọ́ mi," ni wọ́n wí. "Mo rò pé wọ́n máa pariwo mọ́ mi ni."

Báńkì fún wa láyè lóòótọ́, oníṣòwò kòkó kan ní Gbọ̀ngán ló sì ra ilé náà. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ wá wò ó, bàbá mi mú ọ̀pá, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn làwọn máa mú wọn yíká. Wọ́n fi fèrèsé tí òjò máa ń gbà wọlé hàn wọ́n.

"Kànga yìí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn," wọ́n sọ fún obìnrin náà. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fọṣọ nítòsí ẹ̀."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ dúpẹ́. Màmá mi wọ ilé ìdáná lọ, kò sì jáde títí wọ́n fi lọ.

Lẹ́yìn tí báńkì gba tiwọn, ohun tó kù tó láti fi gba yàrá méjì ní Ìkirè, a sì tún fi díẹ̀ kún ọjà màmá mi. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, owó ìfẹ̀yìntì jáde. Kò lè san gbèsè náà tán, ṣùgbọ́n ká ní a ti tètè lọ bá báńkì bí obìnrin yẹn ṣe sọ, ì bá gbé wa débi kan. Màmá mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi rí. Èmi náà ò sọ ọ́.

Láìpẹ́ yìí, mo mú kàlẹ́ńdà ìjọ lọ fún wọn. Mo ti gbé òòlù.

"Dúró ná," ni bàbá mi wí. Wọ́n rọra dìde, wọ́n lọ bi onílé bóyá a lè kan ìṣó mọ́ ògiri.