Ògiri Funfun Tí Wọ́n Fi Dárò Ańtí Mojírádé

Ańtí Mojírádé Ọlọ́runtọ́ba kú nígbà tí ọyẹ́ ń parí lọ, nínú yàrá rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ níhìn-ín, lẹ́yìn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí kò mú ẹnikẹ́ni nínú Ìgbìmọ̀ Amúlùúdùn wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìgbìmọ̀ náà kò bu ọlá fún un. Wọ́n bu ọlá fún un. Ayàwòrán ni obìnrin náà. Nígbà tí ó kú, wọ́n fi ọ̀dà pa àwòrán rẹ̀ rẹ́.

Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jẹ́ kí ó dúró, nítorí ẹni tó bá ń kọ nǹkan sílẹ̀ ní ìlú tí a ti mọ ilé ara wa gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò sí àsọdùn kankan nínú rẹ̀.

Sọ́mìlì àtijọ́ tó wà ní ojú ọ̀nà Ìsẹ̀ ni mò ń sọ. Nígbà tí gẹdú tán nínú igbó, àwọn tó ni ín kó ẹ̀rọ wọn lọ, wọ́n fi òrùlé páànù àti ògiri gígùn kan sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Nígbà tí wọ́n wá dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí a kò sí lábẹ́ Àkúrẹ́ mọ́, olúkúlùkù ìlú bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun tí yóò fi han àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni Ìgbìmọ̀ Amúlùúdùn ṣe dìde. Wọ́n lé ewúrẹ́, wọ́n to bẹ́ǹṣì, wọ́n gbin òdòdó tí àwọn ewúrẹ́ náà padà wá jẹ, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di gbàgede ìlú. Ó wá ku ògiri tó kọjú sí títì, tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìgbà náà ni Alága wọn, Olóyè Dúrójayé, rántí pé olùkọ́ àwòrán kan wà ní ìlú tó ti fẹ̀yìn tì.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ikú rẹ̀ sọ ọ́ di ẹni mímọ́ lójú yín. Ańtí Mojírádé gbéra ga, ó sì mọ̀ pé òun gbéra ga. Àkẹtẹ̀ tí ó ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ń dé gun àkàbà. Ó máa ń wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, á di búrọ́ọ̀ṣì kan mú ní ọwọ́, á fi òmíràn há etí. Bí awakọ̀ bá dín eré kù láti wò ó, á kígbe sí i láti òkè pé kí ó dúró wò ó dáadáa tàbí kí ó máa bá tirẹ̀ lọ, nítorí pé a kì í fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo iṣẹ́ òun.

Ẹyẹ àti òdòdó ni ìgbìmọ̀ ní kí ó yà. Ó wò wọ́n títí, ó ní, "Ẹyẹ wo ló la pákó níbí?" Ó wá ya àwọn tó la pákó níbẹ̀. Ó ya wọn tóbi ju ènìyàn lọ, wọ́n tò láti ìbẹ̀rẹ̀ ògiri dé òpin rẹ̀: àwọn tó ń yí gẹdú, àwọn tó ń ti í sẹ́nu ayùn, obìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn. Púpọ̀ nínú wọn ti kú. Òmíràn kú nínú ilé, òmíràn kú sínú sọ́mìlì náà gan-an, kò sì sí òkúta kan tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí.

Bí ojú bẹ̀rẹ̀ sí yọ lára ògiri, gbogbo ìlú di òṣìṣẹ́ sọ́mìlì lọ́jọ́ kan. Ọ̀gbẹ́ni kan dúró lábẹ́ àkàbà, ó ní kí Ańtí ya òun náà.

"Uṣẹ́ wo lo ṣe níbẹ̀?" ni Ańtí bi í.

"Mo máa ń wá ra pákó, mà."

"Ó dáa. Ògiri ti àwọn oníbàárà ń bọ̀. Lọ dúró dè é nínú ulé."

Àwòrán kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí. Samuel Ọlábọ̀dé ni, ẹni tí ayùn gé ìka méjì kúrò ní ọwọ́ òsì rẹ̀, tí gẹdú sì wá yí pa lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ìyàwó rẹ̀, Christiana, tí a ń pè ní Ìyá Láńre, kò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Ojú ọwọ́ yẹn ń ti ọkùnrin náà débi pé bí ó bá ti rí oní-fọ́tò, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ańtí Mojírádé fi ojú Láńre ọmọ wọn ṣe ojú bàbá rẹ̀, ó sì fi ẹnu Ìyá Láńre ṣe ìyókù. Obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń darí rẹ̀: imú kò tó báyẹn, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹni tí kì í gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni gba tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò gbà.

"Ańtí, ẹ bá mi fi ìka rẹ̀ pé."

"Ṣé sọ́mìlì ti dá a padà ni?"

"Rárá o."

"Bí wọ́n bá dá a padà, wá pè mí. Mi ò ní bá wọn san gbèsè tí wọn kò mọ̀ pé àwọn jẹ."

Ìka mẹ́ta náà ló wà níbẹ̀, ó di etí gẹdú mú. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti túká ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ìsinmi, Ìyá Láńre á gbé àpótí kékeré kan lọ sí gbàgede, á jókòó ti ọkọ rẹ̀, á ròyìn ìlú fún un. Àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ tí kì í jiyàn kò wọ́pọ̀.

Ańtí fi àyè kan sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ògiri fún orúkọ ara rẹ̀. Olóyè Dúrójayé ní kí ó ṣe sùúrù, kí àlejò pàtàkì tí yóò ṣí gbàgede kọ́kọ́ dé. Obìnrin tó gbéra ga yìí ṣe sùúrù. Àlejò pàtàkì náà kò tíì dé títí di òní. Bóyá ọ̀nà ni kò dára. Ńṣe ni Ańtí ṣàìsàn, tó sì kú, tí àyè orúkọ rẹ̀ wà lófo.

Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í gbé òkú àgbà wọ ilé tí ara ògiri rẹ̀ kò mọ́. Ẹbí tí kò rí ọ̀dà kun ilé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ yóò rí i ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú. Àṣà tó dára ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí a torí rẹ̀ kun ilé ni kò ní rí i. Ní ìpàdé ẹbí, nígbà tí wọ́n pinnu pé pósí Ańtí yóò kọ́kọ́ dúró ní gbàgede kí ó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, Olóyè Dúrójayé dìde. Ó ní, "Ẹ fi ti ibẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ibẹ̀ gan-an ni ulé rẹ̀. A ó kùn ún kí àlejò tó dé." Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ta ni ì bá rò pé ògiri náà ló ní lọ́kàn?

Funfun ni wọ́n kùn ún, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò dárúkọ ẹni tó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ó ṣe ohun tí wọ́n rán an. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀: nínú gbogbo ìgbìmọ̀ tó ní alága, tó ní akọ̀wé, tó ní olùdámọ̀ràn lórí ẹwà, kò ha sí ojú kan tó rí ojú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn kí wọ́n tó bò wọ́n? Àbí wọ́n rí wọn, wọ́n sì kà wọ́n mọ́ ìdọ̀tí?

Ní ọjọ́ ìsìnkú, Ìyá Láńre bá àwọn ìyá ìjọ wọ gbàgede. Ó dúró níwájú ògiri. Kò sunkún. Ó yà sọ́dọ̀ Alága, ó kúnlẹ̀ kí i bí ó ti yẹ, ó ní, "Bàbá, níbo lẹ gbé ọkọ mi lọ?"

"Ìyá Láńre, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó wà lábẹ́ ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò yọ ọ́."

"Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí wọ́n ń sọ fún mi pé ó wà lábẹ́ nǹkan, sà."

Akọrin dá orin dúró. Olóyè Dúrójayé tún agbádá rẹ̀ ṣe ní èjìká, bẹ́ẹ̀ sì ni agbádá náà kò yọ̀ kúrò níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, ohun tí ìgbìmọ̀ ń sọ ni pé ọlá ni àwọn fẹ́ bù, pé èrò rere ni. Mo gbà. Bí èrò rere bá tó, kí ló dé tí wọn kò fi gbé e lọ kí Ańtí nígbà tí ó wà lórí ibùsùn, tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́? Ẹni tí ẹ fi àyè orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lófo nígbà ayé rẹ̀, ṣé àyè yẹn náà ni ẹ tún torí ikú rẹ̀ kùn?

Nǹkan kan ni kí a dúpẹ́ fún. Ọ̀dà olóróró ni Ańtí lò, ó sì di ògiri mú bí Ańtí fúnra rẹ̀ ṣe máa ń di ọ̀rọ̀ mú. Ọ̀dà funfun ti ìgbìmọ̀ jẹ́ èyí tí omi rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀dà lọ. Mo mọ̀ pé a máa ń bú àwọn tó ń bu omi lé nǹkan ìlú. Ẹni tó bu omi lé èyí, kí Ọlọ́run bù kún un.

Nítorí pé òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá. Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè mo kọjá níbẹ̀, Ìyá Láńre sì ti wà lórí àpótí rẹ̀. Omi funfun ti ṣàn dé ẹsẹ̀ ògiri. Láàárín ògiri, ọwọ́ kan ti yọ, ìka mẹ́ta, ó di etí gẹdú mú. Ojú kò tíì yọ.

"Ẹ kú ìjókòó, mà."

"Mò ń dúró dè é," ó ní. "Ẹ ò rí i? Ọwọ́ tó máa ń fi pamọ́ fún oní-fọ́tò ló kọ́kọ́ nà jáde."

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra ọ̀dà tuntun. Kí a má sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti wádìí ìgbìmọ̀. Kí Olóyè Dúrójayé dúró ní gbàgede, kí ó sọ fún ìlú ẹni tó pàṣẹ. Lẹ́yìn náà, kí òun àti gbogbo ìgbìmọ̀ gbé omi, ọṣẹ àti àkísà wá kí Àjíǹde tó dé, kí wọ́n rọra nu ohun tí wọ́n ṣe kúrò lójú àwọn òkú wa, kí wọ́n sì kọ Mojírádé Ọlọ́runtọ́ba sí àyè tí ó fi sílẹ̀. Òjò kò dúró de àlejò pàtàkì kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Samuel náà ti dé ẹnu iṣẹ́ pẹ̀lú ìka mẹ́ta. Àwọn tí ìka tiwọn pé ni à ń retí.