Oorun Tí Ọkọ Mi Ń Jowú

Jórinjórin lọkọ mi lójú mọmọ, tó bá dìrọ̀lẹ́, ó di oníjàkadì. Láti ìgbà òjò ni ìwọ̀n irin tó ń gbé láti fi wá agbára ò ti lé sí i. Àbúrò ẹ̀ tá a jọ ń gbé, tí mò ń pè ní Ọkọ Kékeré, ẹ̀yìn ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, òun ló wá ń gbé èyí tó wúwo jù.

Ọ̀rọ̀ náà ká ọkọ mi lára. Ó ní kí n máa ṣọ́ ohun tí ọmọ yẹn ń jẹ.

"Ṣebí ìkòkò kan náà ni mo fi ń se oúnjẹ yín!"

Etí ikún ló kọ sí mi. Ó sọ ọjọ́ ìsinmi di ọjọ́ irin, títí ó fi ń fi ọwọ́ méjèèjì mú ṣíbí.

Lánàá, kóòṣì tó ń kọ́ wọn ní ìjàkadì lé e wálé: "Àbúrò ẹ máa ń sinmi. Ìwọ náà, lọ sùn!"

Ó dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ tí Ọkọ Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun ní yàrá kejì. Ọkọ mi fò dìde.

"Ṣó o gbọ́ ọ? Oorun náà, ó tún fi jù mí lọ!"

Mo ní, "Ẹni tó ń bá àbúrò ẹ̀ du oorun, ìgbà wo ló fẹ́ sùn?"

Ó ti ń wá bàtà ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó lè padà sídìí irin.